Ẹ má dúró dìgbà tí eyín bá dùn yín: àyẹ̀wò eyín, láti ilé dórí àga dókítà

Eyín tó kọ́ mi lọ́gbọ́n kò dùn mí rí. Ìdí rèé tí mo fi lo ọdún mẹ́fà gbáko láìyọjú sí dókítà eyín. Mò ń jẹun, mò ń mu omi tútù, mò ń rẹ́rìn-ín, kí ni mo fẹ́ wá débẹ̀? Ọjọ́ tí mo sì dé ibẹ̀, ẹlòmíì ni mo sìn lọ. Wọ́n ní kí èmi náà jókòó kí wọ́n yẹ̀ mí wò. Dókítà yẹn kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Ó kàn gbé àwòrán X-ray síwájú iná, ó fi ṣóńṣó bírò tọ́ka sí àárín eyín méjì lápá òsì. Òjìji dúdú kan wà níbẹ̀ tó ti rìn wọnú, tó ti ń sún mọ́ iṣan. Dígí ilé mi kò lè fi hàn mí, ahọ́n mi kò lè kàn án, búrọ́ọ̀ṣì mi kò sì débẹ̀ rí. Ó ní, "Ó ku díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀ sí í jí yín lóru."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ẹni tó ń lọ fún àyẹ̀wò nígbà tí nǹkan kan ò ṣe é. Bí a ṣe ń ṣe é, ohun tó yẹ ká mú lọ, ohun tí wọ́n ń wá lẹ́nu wa, àti ìbéèrè tó yẹ ká bi wọ́n ká tó dìde lórí àga ni mo fẹ́ tò síbí.

Kí ló dé tí eyín fi ń bàjẹ́ láìpariwo?

Ìbòrí funfun tó bo eyín ló le jù nínú gbogbo ohun tó wà lára èèyàn, ó le ju egungun lọ. Ṣùgbọ́n kò sí iṣan nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sì lè tún ara rẹ̀ hù bí awọ ṣe ń jinná. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ẹnu, tí èyí tí wọ́n ń pè ní Streptococcus mutans jẹ́ ògbólógbòó nínú wọn, máa ń jẹ nínú ṣúgà tí a bá fi sẹ́nu, wọ́n á sì tú ásíìdì jáde. Tí ìwọ̀n pH tó wà lára eyín (bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó) bá ti lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 5.5 lọ, ìbòrí yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Itọ́ ló máa ń bá wa pa ásíìdì náà, ó sì máa ń gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 60. Ẹni tó bá ń fi nǹkan dídùn panu ní wákàtí wákàtí, itọ́ rẹ̀ kò ráyè. Ìdí nìyẹn tí dókítà eyín kì í fi í béèrè bí ṣúgà tí ẹ ń jẹ ṣe pọ̀ tó nìkan. Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́ ló tún fẹ́ mọ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, àmì funfun kékeré tó rí bí ẹfun ló máa ń yọ lára eyín. Èyí ṣì ṣeé dá padà, torí fluoride, èròjà inú ọṣẹ ìfọyín tó ń dáàbò bo eyín, àti itọ́ lè dá èròjà tó ti yọ́ padà sáyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti lu, tó ti di ihò, kò tún lè dí fúnra rẹ̀ mọ́, àfi kí dókítà dí i. Láti àmì funfun dé ihò lè gba oṣù púpọ̀, ó sì lè gba ọdún, kò sì ní ta yín. Ìgbà tó bá já wọ abẹ́ ìbòrí náà ni omi tútù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta èèyàn. Tó bá dé ibi tí iṣan wà, oorun á dàwátì.

Ti erìgì tiẹ̀ tún burú jù. Èérí tó lẹ̀ mọ́ eyín, tí búrọ́ọ̀ṣì kò gbá kúrò, máa ń gba èròjà látinú itọ́, á sì gan bí òkúta. Ó ti di ti irin dókítà nìyẹn, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ fọ eyín lágbára tó tí yóò ṣí. Erìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀, nínú àwọn kan, egungun tó di eyín mú á bẹ̀rẹ̀ sí í sún sẹ́yìn. Egungun náà kì í hù padà fúnra rẹ̀, kì í sì í dun èèyàn nígbà tó bá ń lọ. Eyín kàn máa ń mì lọ́jọ́ kan ni. Sìgá tún wá fi kún ẹ̀tàn náà, torí ó máa ń dín ẹ̀jẹ̀ erìgì kù, kí ẹni tó ń mu ún lè máa rò pé tòun dáa.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ nínú ìròyìn tó gbé jáde lọ́dún 2022 pé àwọn tí àrùn ẹnu ń bá fínra láyé ń lọ sí bílíọ̀nù 3.5. Ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni eyín jíjẹrà, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹni tó bá tètè rí i lè dá dúró ni. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ iye oṣù tó jẹ́ tiyín

Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bi ní iye ìgbà tó yẹ ká lọ, á ní "oṣù mẹ́fà mẹ́fà". Kò burú, àmọ́ kì í ṣe òfin tó já bọ́ látọ̀run. NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ lọ́dún 2004 pé ti àgbàlagbà lè wà láàárín oṣù 3 sí oṣù 24, kí ti ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 má sì kọjá oṣù 12. Lọ́dún 2020, Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí ìlera jọ láti gbé wọn yẹ̀ wò, tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Láàárín àgbàlagbà tí wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún 4, díẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn tó ń lọ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà àti àwọn tí dókítà dá ìgbà fún gẹ́gẹ́ bí ẹnu kálukú ṣe rí, tí a bá tiẹ̀ rí ìyàtọ̀ rárá.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ka ibí yìí, á ní, "Ó tán, ó di ọdún méjì òní." Rárá o. Ẹni tó bá ti wo ẹnu yín ló lè fún yín ní oṣù 24, ẹ ò lè fún ara yín. Ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀ rí, tàbí tí ọdún ti gorí ọdún lórí tirẹ̀, kó lọ báyìí, kó sì béèrè iye oṣù lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ wà lára àwọn tí tiwọn sábà máa ń sún mọ́ra: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó ga máa ń ba erìgì jẹ́, erìgì tó wú náà sì máa ń jẹ́ kí ṣúgà nira láti kápá, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ sí ibi. Ẹni tó ń mu sìgá wà níbẹ̀, àti ẹni tí wọ́n ti dí ihò tuntun fún láìpẹ́, ẹni tí erìgì rẹ̀ ti ṣàìsàn rí, ẹni tó fi wáyà to eyín, àti ẹni tí oògùn tó ń lò ń mú ẹnu rẹ̀ gbẹ. Ti ẹnu gbígbẹ yìí, ọ̀pọ̀ kì í fọkàn sí i. Itọ́ ni ọlọ́pàá ẹnu. Tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn ìdààmú ọkàn bá dín in kù, eyín tó ti ń ṣe dáadáa fún ogún ọdún lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ohun tí ẹ máa ṣe nílé kí ọjọ́ tó pé

Ní ọjọ́ méjì mẹ́ta ṣáájú, ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ tan iná fóònù sẹ́nu yín. Ẹ fi ìka tó mọ́ fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ gbé ahọ́n sókè, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ nà án jáde, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹ wo bí erìgì ṣe rí níbi tó ti pàdé eyín. Ẹ ò wá àìsàn o, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa sọ ni: "Ibí yìí ń ṣẹ̀jẹ̀ tí mo bá fọ̀ ọ́," "Oúnjẹ máa ń há síbí," "Mo rí nǹkan funfun kan níbí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Orí àga yẹn máa ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé ohun tó ní lọ́kàn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ kọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, tàbí kí ẹ ya àwòrán páálí wọn. Kì í ṣe oògùn eyín nìkan o. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó sọ. Ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú egungun le, irú bíi bisphosphonate, kó sọ, torí yíyọ eyín lè di ọ̀rọ̀ sí i lára. Ẹni tí wọ́n fi fáàfù àtọwọ́dá sí lọ́kàn, kó sọ kí wọ́n tó fi irin kan erìgì rẹ̀, torí ó lè ní láti lo oògùn ṣáájú. Ẹni tó lóyún tàbí tó rò pé òun lóyún, kó sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dá oògùn kankan dúró fúnra yín nítorí pé ẹ ń lọ síbi àyẹ̀wò. Mo mọ ẹnì kan tó dá oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dì dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ní òun ò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà sára aṣọ dókítà! Ewu ẹ̀jẹ̀ dídì tó fà lé ara rẹ̀ lórí pọ̀ fíìfíì ju ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó ń sá fún lọ.

Tí ẹ bá ní àwòrán X-ray àtijọ́, ẹ mú un dání, kí wọ́n lè fi wé tuntun. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kí ṣúgà ara má baà já sílẹ̀ lórí àga. Ẹ fọ ẹnu bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́. Kò sí ìdí láti máa ha eyín lóru ọjọ́ tó ṣáájú bí ọmọ ilé ìwé tó ń sáré kàwé lálẹ́ ìdánwò. Wọ́n á mọ̀, erìgì tó bó á sọ fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́nu yín

Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ. Wọ́n á béèrè nípa ìlera yín, oògùn, sìgá, ọtí. Ẹ má fi ìtìjú parọ́ níbí, dókítà kì í ṣe àgbà ìjọ.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á fọwọ́ kan abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn yín láti wò ó bóyá kókó wà níbẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ la ẹnu kí ẹ sì pa á dé, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oríkèé àgbọ̀n ń dún. Wọ́n á wo ètè, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, àjà ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun. Wọ́n á fi aṣọ òwú di ṣóńṣó ahọ́n yín mú, wọ́n á fà á sí ọ̀tún, wọ́n á fà á sí òsì. Ó máa ń ṣe ẹlòmíì bí ẹ̀fẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ gan-an lọ̀ràn wà: ẹ̀gbẹ́ ahọ́n àti abẹ́ rẹ̀ wà lára ibi tí àrùn jẹjẹrẹ ẹnu ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í dunni níbẹ̀rẹ̀. Tábà àti ọtí ló máa ń fà á jù, nígbà tí kòkòrò HPV máa ń fa ti ọ̀nà ọ̀fun. Àyẹ̀wò yìí kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Tí wọn ò bá wo abẹ́ ahọ́n yín, ẹ ní kí wọ́n wò ó.

Ó wá kan eyín. Dókítà á gbé dígí kékeré, á máa pe nọ́ńbà fún ẹni tó ń bá a kọ ọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ "mẹ́rìndínlógójì," àyà mi já, torí mo mọ̀ pé eyín àgbàlagbà kì í ju 32 lọ. Bí wọ́n ṣe ń kà á rèé: wọ́n pín ẹnu sọ́nà mẹ́rin. Òkè lápá ọ̀tún yín ni 1, òkè lápá òsì ni 2, ìsàlẹ̀ lápá òsì ni 3, ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni 4. Nínú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, eyín iwájú gan-an ni 1, wọ́n á máa kà lọ sẹ́yìn dé 8. Nítorí náà, 36 jẹ́ eyín kẹfà nísàlẹ̀ lápá òsì. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kà á láti 1 dé 32 ní tààrà. Tí ẹ bá ti mọ èyí, ẹ lè máa bá wọn fọkàn kà á, kí ẹ sì mọ èyí tí wọ́n dúró lé lórí.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àmì mílímítà lára ni wọ́n máa ń kì bọ àárín eyín àti erìgì. Erìgì tó dáa, irin náà kì í wọlé ju mílímítà 1 sí 3 lọ. Tó bá ti di 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Tó bá di 6 sókè, erìgì ti ṣí kúrò lára eyín gan-an, ó sì ṣeé ṣe kí egungun ti lọ díẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí àwọn nọ́ńbà yìí, àwọn ni mo gbà pé ó wúlò jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń pè lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń ya X-ray. Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ yà á, ẹ lè béèrè ìdí, kì í ṣe àfojúdi. Ohun tí wọ́n sábà ń wá ni ihò tó fara pa mọ́ sáàárín eyín méjì, irú èyí tó mú mi, àti ibi tí egungun dé. Ìtànṣán rẹ̀ kéré: ti àwòrán eyín kékeré kan kò tó èyí tí ara wa ń gbà láàárín ọjọ́ díẹ̀ látinú ilẹ̀ àti ojú ọ̀run. Ní Jámánì, ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen ṣàwárí X-ray. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 1896, dókítà eyín kan níbẹ̀, Otto Walkhoff, ti ya eyín ara rẹ̀, ó sì fara balẹ̀ sójú kan fún ìṣẹ́jú 25 gbáko. Lónìí, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti tán.

Ìkẹyìn ni fífọ èérí tó ti gan. Ẹ̀rọ kan tó ń gbọ̀n rìrì tó sì ń tú omi ni wọ́n máa ń lò, tàbí irin ọwọ́. Ó lè kẹnu díẹ̀, ó sì lè ṣẹ̀jẹ̀ níbi tí erìgì ti wú. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé fífọ̀ yìí ń tú eyín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èérí tó ti gan ló dí àlàfo, tó sì ń ti eyín tí egungun rẹ̀ ti lọ. Tí wọ́n bá kó o kúrò, èèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí nǹkan ṣe ti bàjẹ́ tó. Bákan náà, fífọ èérí kúrò kì í ṣe mímú eyín funfun. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, owó wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà, ẹ rí i dájú pé èyí tí ẹ fẹ́ ni ẹ béèrè fún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kí ẹ tó dìde

Ẹ bi wọ́n pé, "Eyín mi wo lẹ ń ṣọ́?" Ìbéèrè yìí dáa ju "Ṣé ó dáa?" lọ, torí "ó dáa" ni wọ́n máa fi dáhùn ìyẹn. Dókítà tó mọṣẹ́ sábà máa ń ní eyín kan tàbí méjì tó ń ṣọ́, tí kò tíì fọwọ́ kàn. Àmì funfun tí kò tíì lu, ó lè fi fluoride tó nípọn kùn ún, kó sì ní kí ẹ padà wá. Èyí kì í ṣe ọ̀lẹ, nítorí eyín tí wọ́n bá ti gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò lè padà sí bó ṣe wà, ohun tí wọ́n fi dí i náà á sì gbó lọ́jọ́ kan.

Ẹ béèrè ibi tí irin ti wọlé jù àti iye mílímítà rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù. Tí ẹ bá padà wá, ẹ tún béèrè. Tó bá lọ láti 5 sí 4, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nílé ń so èso. Ẹ béèrè pé tí wọ́n bá fi eyín tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ́jú sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí ló máa ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ á jẹ́ kí ẹ mọ èyí tó ń jóná àti èyí tó lè dúró, pàápàá tí owó ò bá tó ṣe gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Tí ẹnu yín bá ti dáa láti ọdún yìí wá, tí ẹni tuntun kan wá sọ pé ihò méje ló wà níbẹ̀, ẹ gba àwòrán X-ray yín, kí ẹ fi han ẹlòmíì. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀: ìgbà wo ni ká padà wá, kí sì nìdí tó fi jẹ́ ìgbà yẹn? Ẹ mú ọjọ́ náà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: tí ẹ bá délé

Omi tútù lè máa ta yín fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn fífọ̀, ó máa lọ. Erìgì lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ má torí ìyẹn dá búrọ́ọ̀ṣì dúró, ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ló nílò rẹ̀ jù.

Ohun tó kù, ẹ ti mọ̀ ọ́n: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ìṣẹ́jú 2, alẹ́ kí ẹ tó sùn kó jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ọṣẹ ìfọyín tí fluoride rẹ̀ wà láàárín 1,350 sí 1,500 ppm (ó máa ń wà lára páálí rẹ̀). Kí ẹ máa fi okùn tàbí búrọ́ọ̀ṣì kékeré ki àárín eyín lójoojúmọ́. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé kò yẹ ká máa fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́ tán. Ẹ tutọ́ ọṣẹ náà dànù, kí ẹ dákẹ́. Tí ẹ bá fi omi ṣàn án, ẹ ti da fluoride tí ẹ fowó rà nù.

Ti ọmọdé

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹ kó wáyé kí ọmọ tó pé ọdún kan, tàbí láàárín oṣù mẹ́fà tí eyín àkọ́kọ́ bá yọ. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá kan níbẹ̀. Orí itan ìyá tàbí bàbá ni ọmọ máa wà, wọ́n á yọjú wo ẹnu rẹ̀, wọ́n á fi bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ han òbí, ọmọ á sì ti mọ ibẹ̀ kí nǹkan kan tó dùn ún níbẹ̀. Ọṣẹ ìfọyín tó tó hóró ìrẹsì kan ti tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta.

"Ṣebí ó máa ká ni" ni àwọn òbí máa ń sọ nípa eyín àkọ́hù. Òótọ́ ni, eyín 20 yẹn á ká. Àmọ́ eyín tó bá kúrò ṣáájú àkókò kì í pa àyè mọ́ de èyí tó ń bọ̀. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á sún síbẹ̀, tuntun á sì hù wọ́. Ẹ tún ṣọ́ ọjọ́ orí ọdún mẹ́fà. Ìgbà náà ni eyín ńlá mẹ́rin máa ń hù lẹ́yìn pátápátá, láìsí pé eyín kankan ká fún wọn. Òbí á rò pé eyín àkọ́hù náà ni, kò ní kà á sí, bẹ́ẹ̀ eyín tí ọmọ máa lò títí dọjọ́ ogbó ni. Kòtò wẹ́wẹ́ tó wà lórí wọn jìn ju ohun tí búrọ́ọ̀ṣì lè dé lọ. Dókítà lè da oje kan sí i tó máa gan, tó sì máa dí i. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí gbígbẹ́. Irú rẹ̀ tún ń hù ní nǹkan bí ọdún méjìlá.

Aboyún àti àgbàlagbà

Oyún máa ń mú kí erìgì tètè wú, nítorí náà ìgbà oyún kì í ṣe ìgbà sísá fún dókítà eyín. Àyẹ̀wò àti fífọ èérí kò léwu fún ìyá tàbí ọmọ. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà ló sábà máa ń rọrùn jù fún obìnrin láti jókòó lórí àga náà.

Bàbá tàbí ìyá tó ń lo eyín àtọwọ́dá, tí kò ní ẹyọ eyín kan lẹ́nu mọ́, ṣì ní ahọ́n, ó ṣì ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àjà ẹnu. Kí wọ́n mú wọn lọ. Eyín àtọwọ́dá tó ń há erìgì lè dá egbò síbẹ̀, egungun abẹ́ rẹ̀ á sì máa rẹlẹ̀ sí i lọ́dọọdún, eyín tó ti bá ẹnu mu á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Kí wọ́n máa yọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́.

Èyí tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi de ọjọ́ àyẹ̀wò

Egbò ẹnu, àmì funfun tàbí pupa tó bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì láìlọ, ẹ lọ, kódà tí kò bá dùn yín. Eyín tó ń dùn gan-an tó wá ṣàdédé dákẹ́ lè jẹ́ pé iṣan inú rẹ̀ ló kú, àrùn náà sì ń bá iṣẹ́ lọ nísàlẹ̀. Oògùn apakòkòrò tí ẹ rà fúnra yín kò lè yọ ìdí ọ̀ràn náà. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú tó sì ń gbóná, tí ẹ kò lè gbé itọ́ mì tàbí tí èémí ń nira, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni lójú ẹsẹ̀, àní lóru. Eyín àgbà tí nǹkan gbá jáde, orí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò. Ẹ fi í padà sáyè rẹ̀ tàbí kí ẹ fi sínú mílíìkì, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ dókítà láàárín wákàtí kan, bó bá sì lè yá jù bẹ́ẹ̀, ó tún dáa.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rù ló ń bà yín

Ẹ sọ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń mú ọjọ́, kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ aago àárọ̀ kí ẹ má baà fi gbogbo ọjọ́ ronú. Ẹ ní àyẹ̀wò nìkan lẹ fẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Kí ẹ sì jọ dá àmì kan: tí ẹ bá ti gbé ọwọ́ òsì sókè, kí wọ́n dúró. Wọ́n máa dúró. Èmi náà ṣì ń gbé e sókè dòní, nígbà mìíràn kò sí ohun tó dùn mí, mo kàn fẹ́ gbé itọ́ mì.